Ife omi kan ló pa Bọ̀dá Wasiu lẹ́nu mọ́

Ẹni tó bá tún sọ pé mo fi ọdún méjì ṣòfò ní Kumasi, kó lọ bi ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Wasiu.

Láàárọ̀ yìí, ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi dé láti Ghana sílé wa ní Challenge, n'Ìbàdàn.

Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Bọ̀dá Wasiu fi fi òyìnbó bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ fọwọ́ sí ìgbéyàwó yìí àbí ẹ ò fọwọ́ sí i?"

Ojú màmá yí padà. Wọ́n fa báàgì wọn mọ́ra.

Mo sáré gbé omi fún wọn. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, mo fi Twi, èdè wọn, sọ pé, "Àlàáfíà la wà níbí. Ẹ̀yin lẹ rìnrìn àjò, kí lẹ bá wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá onílé mi ní Kumasi ni. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mumi ná, pé lọ́dọ̀ àwọn, àlejò á mumi tán kí wọ́n tó bi í ní ohun tó bá wá."

Ìgbà yẹn ni màmá wá fi òyìnbó dá Bọ̀dá Wasiu lóhùn: ọmọ làwọn wá gbà, kì í ṣe ìyàwó nìkan.

Bọ̀dá Wasiu gba ife lọ́wọ́ mi. "Jẹ́ n bu omi míì wá."

Kí lẹ̀yin náà kọ́ lájò tí wọ́n fi ń bú yín nílé? Ẹ kọ ọ́ síbí, Bọ̀dá Wasiu ń kà á.