Ẹ Bá Mi Gbàdúrà Sínú

Ẹ̀rù máa ń bà mí láti bá àgbà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, iṣẹ́ ìlera kò sì wò mí sàn. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Afọ̀n, ẹ̀yìn mátírọ́ọ̀nù wa ni mo sá sí. Òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mátírọ́ọ̀nù ti lọ sí ìpàdé ní Ìmẹ̀kọ, ó ku èmi nìkan. Ìyá kan wọlé, ó fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Oyún ìyàwó náà ti wọ oṣù mẹ́jọ.

Mo ní, "Ìyàwó, kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá ọkọ ló dáhùn. "Ara ló ń ro ó. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ju ara ríro lọ. Ẹ fún un lóògùn, a fẹ́ tètè máa lọ."

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

"Ó ń sùn. Ta ló ní kó má sùn?"

Ìyá yìí ń dáhùn bí ẹni pé inú tirẹ̀ ni oyún wà. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè, àti bí a ṣe ń dákẹ́ kó lè dáhùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń pa ìyá ọkọ lẹ́nu mọ́. Kí n sọ fún ẹni tó tó bí mi pé kó dákẹ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbọ́ ọ dé ilé bàbá mi.

Mo ní kí ìyàwó dùbúlẹ̀. Mo gbé ìwo kékeré tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn rẹ̀, mo fi etí tì í. Ohùn ìyá ọkọ nìkan ló ń wọlé sí mi létí, ó ń ròyìn bí òun ṣe bí gbogbo ọmọ òun láì dé ọsibítù. Mo sún ìwo sápá ọ̀tún, mo sún un sísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mò ń bẹ̀rù pé ọmọ ti kú, mo tún ń bẹ̀rù ìyá yìí, mi ò sì mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ẹnu mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Àdúrà inú ni o, kó má jáde rárá."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó dijú, ẹnu rẹ̀ sì pa dé.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà tún já mi láyà ju ariwo lọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n ṣáà sọ nǹkan, ohunkóhun, ṣùgbọ́n mo fi eyín di ètè. Ìyàwó náà ló wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"Anti, kò mira mọ́ láti àná."

Mo tún gbé etí lé ìwo. Ọkàn ọmọ náà ń lù, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, bí ẹni tó ti rẹ̀. Mo sáré pe onímọ́tò.

Ní ọsibítù Ayétòrò, dókítà béèrè ìgbà tí ọmọ mira gbẹ̀yìn. Ìyá ọkọ la ẹnu, ó pa á dé. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Sọ fún wọn." Ìyàwó sọ ọ́, wọ́n sì sáré gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Èmi àti ìyá ọkọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni àyà mi ń já. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní ọkùnrin ni, tìyá tọmọ ló wà láàyè. Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, ṣùgbọ́n apá mi ló dì mú.

"Ìyàwó yìí sọ fún mi lánàá pé ọmọ ò mira," ó ní. "Mo ní kó máa yan gàrí ẹ̀ lọ."