Ọkọ̀ Tó Yí Po Lábẹ́ Òkè

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Solvejg Rask jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, irọ́ ló pa. Oúnjẹ síse fún àwọn ọmọ iléèwé ní Strynholm, erékùṣù wa, ló fi darúgbó, kò sì sí ọmọ tó láyà láti ṣẹ́ kárọ́ọ̀tì kù sínú àwo níwájú rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti kan Ejvind ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìfẹ́ wọn máa ń bí mi nínú, torí èmi ò rí irú ẹ̀ fẹ́.

Àwọn ló ni Ternen, ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ èbúté lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, a máa ń díje yí erékùṣù wa ká, èèyàn méjì péré nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ejvind á di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú, Solvejg á máa fa okùn ìgbòkun. Èmi àti Jeppe àbúrò mi á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, a ó sì máa bú ara wa.

Ìgbà tó yá, ìgbàgbé wọ Ejvind lára. Kì í ṣe ti kéèyàn máa wá awò ojú rẹ̀ kiri o; ó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé ilé ta ni wọ́n wà. Merete, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá láti ìlú ńlá, ó ní àfi kí wọ́n ta ọkọ̀ náà kí òkun tó gbé bàbá òun lọ. Solvejg kọ̀ jálẹ̀. "Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti mọ ara rẹ̀," ló wí. Wọ́n jà, wọ́n sunkún, wọ́n wá fẹnu kò: bí Ejvind bá tọ́ ọkọ̀ nínú ìdíje yìí bí ẹni tórí rẹ̀ pé, wọn ò ní tà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di títà. Merete á máa wò wọ́n láti orí òkè etíkun.

Ọjọ́ ìdíje pé, atẹ́gùn sì dára. N ò ní purọ́, wọ́n nà wá. Ejvind ń tọ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò lára, Solvejg ń ki búrẹ́dì dúdú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ku àgbá kan tó léfòó lábẹ́ òkè tí Merete dúró sí. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kó tó forí lé èbúté. Wọ́n ti kọjá rẹ̀ tán, àwa ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí Ternen ṣàdédé yí padà. Ó yí po lójú kan bí ajá tó fẹ́ sùn.

"Bàbá ti ṣìnà," ni Jeppe wí.

"Panu ẹ dé, kó o fa okùn."

Mo gbójú sókè, mo rí Merete tó fọwọ́ bo ẹnu. A kọjá lára wọn, a gba ipò kìíní tí mi ò gbà rí láyé mi, kò sì dùn mọ́ mi rárá.

Merete ti sáré dé èbúté kí wọ́n tó gúnlẹ̀. "Màmá, mo rí i. Ó ń yí po lójú kan."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná."

"Ó tó, Màmá. Ṣebí a ti jọ fẹnu kò."

Ejvind wo ìyàwó, ó wo ọmọ. "A fara kan àgbá," ó ní.

Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin ìdíje yẹn nínú wa, Merete pàápàá inú ọkọ̀ yẹn ló dàgbà sí: ẹni tó bá fara kan àgbá, á yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan kó tó máa lọ, adájọ́ rí i o, kò rí i o. Àìsàn Ejvind ló gbà wá lọ́kàn tá ò fi rántí.

"Fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni," Solvejg ní. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Mo ní ìwọ ń wò wá, wàá rò pé ó ti ṣìnà ni, mo ní kò sẹ́ni tó rí i pé a fara kàn án. Ó ní àfi ká yí."

"Bàbá, ta ló wá rí yín?"

"Èmi," Ejvind dáhùn. "Èmi rí i."

Merete bú sẹ́kún. Ejvind na okùn ọkọ̀ sí i kó bá òun so ó, ó wá ń wo ojú rẹ̀ fínnífínní.

"Má bínú," ó ní. "Mi ò rántí orúkọ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ẹ́."

"Merete ni, Bàbá." Ó gba okùn náà, ó so ó mọ́ èbúté, ó sì fà á kó le dáadáa. "Ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbí."