Ìyá ọkọ mi fẹ́ bá mi yan oògùn egungun

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù Ìkẹjà dé.

Oògùn jẹjẹrẹ ọmú tí mo lò ti sọ egungun mi di ẹlẹgẹ́. Dókítà ní kí n mú ọ̀kan: tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

"Tẹ́ ẹ bá ti ń gba abẹ́rẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ fo ìkankan, egungun lè dá. Tẹ́ ẹ bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì láàárọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ tàbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Mi ò tíì lanu tí ìyá ọkọ mi, tó tẹ̀ lé mi lọ, fi dáhùn:

"Abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fún un. Tó bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì, báwo ló ṣe máa kúnlẹ̀ kí mi?"

Àárọ̀ ẹyọ kan lọ́sẹ̀ o! Èmi ń bẹ̀rù kí abẹ́rẹ́ má lọ wọ́n lọ́jọ́ tó bá yẹ kí n gbà á, ìkíni ni wọ́n ń rò.

Mo ní, "Dókítà, tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo mú. Màámi, ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, orí ìdúró ni màá ti máa kí yín."

Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n lọ jókòó sí, wọ́n fi èmi nìkan sẹ́yìn títí a fi dé ilé ní Agége.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo rí wọn fín ni? Ẹ tètè dá mi lóhùn o. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.