Ojú Ìyá Ìlóro Lára Ìrù Ọ̀kín

Lánàá, Tómi, ọmọ ọmọ mi, tẹ́ àwòrán kan sórí tábìlì nílé wa ní Temple lókè òkun níbí, ó ní iṣẹ́ yunifásítì òun ni. Àwòrán àtijọ́ ni, tí wọ́n fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé: òkú òmìrán kan tí ojú kún gbogbo ara rẹ̀, àti òrìṣà obìnrin kan tó ń ṣa àwọn ojú náà sára ìrù ọ̀kín. Ó ní ìtàn àwọn Gíríkì ni. Òrìṣà yìí ló fi òmìrán náà ṣọ́ màlúù kan. Ẹnìkan wá fun fèrè, ó ń pìtàn fún un títí gbogbo ojú náà fi sùn, ló bá pa á.

"The eyes mean watchfulness, Grandma."

Ẹ̀rín pa mí, nítorí mo mọ ẹni náà.

Ìyá Ìlóro là ń pè é ní agboolé wa ní Ìjẹ̀bú. Tí àwọn ìyá wa bá lọ oko, òun ló ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣọ́ wa kí a má baà lọ sódò lásìkò òjò. Kò sí ohun tí a ṣe tí kì í rí. Ṣùgbọ́n Sídí, ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù, ti wá ọ̀nà rẹ̀. A ó máa bá a họ orí, Sídí á máa rọra kọrin, títí tí ìyá yóò fi máa hanrun. Nígbà náà la ó gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ Sídí yọ̀ ní bèbè odò, omi sì gbé e. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Ìlóro ti jáde láti inú igbó ọparun, ó ti wà nínú omi dé àyà láìsí gèlè lórí, ó sì ti di apá Sídí mú. Gbogbo ìgbà tí a bá sá lọ ló máa ń tẹ̀lé wa.

"Ẹ̀yin lẹ rò pé mo sùn," ló wí fún wa. "Orí tí ẹ ń bá mi họ ló dùn mọ́ mi."

Agboolé yẹn ti di ahoro báyìí. Sídí náà ti lọ sọ́run, ó dàgbà dáadáa kó tó lọ, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gan-an. Níbí, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì ní orí téèyàn lè bá a họ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀kín yẹn yé mi: ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kì í bá a wọlẹ̀, ara ẹlòmíràn ló ń ṣí lọ.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo fẹ̀yìn ti àga lẹ́bàá fèrèsé, mo dijú. Snow ń bọ́ níta. Tómi rò pé mo ti sùn, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Tómi," ni mo wí, láìlajú, "fìlà ńkọ́?"