Ẹ̀rọ Tí Kì Í Dákẹ́ Níbi Igun

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà obìnrin aránṣọ kan ní Bàrígà, kí èéfín ẹja tí àwọn ará etí ọ̀sà ń yan tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí yóò di ìyá ọkọ mi ni ó yàn án láti rán aṣọ ìgbéyàwó mi. "Máṣíìnì ni kí wọ́n fi rán an o," ó ní. "Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ rán, aṣọ ará oko ni. Mi ò ní jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kì í ṣe ojú ọ̀nà eléruku kan ní Ṣómólú ni a dúró sí, tí àwọn ewúrẹ́ ń wo ẹnu wa.

Láti ìgbà tí mo ti gbé aṣọ funfun náà fún aránṣọ yìí ni ara ti ń fu mí. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. A kàn ń gbọ́ ariwo rẹ̀ ni. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá ń ránṣọ, ó ní láti dúró níbi igun, kí aránṣọ lè yí aṣọ padà. Ti obìnrin yìí kì í dúró. Ó ń lọ bí ìwàásù ẹni tí kò mọ ibi tí yóò parí rẹ̀ sí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ó ti ta aṣọ mi, ó kàn ń tẹ ẹ̀rọ lásán fún mi gbọ́. Bí mo bá béèrè, á ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?" Ohun tí mo ń gbọ́ gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, mo dé láìsọ tẹ́lẹ̀, mo sì ká aṣọ ìkélé náà sókè. Ẹsẹ̀ aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Aṣọ mi wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán an. Abẹ́rẹ́ yóò yọ síwájú, yóò padà sẹ́yìn wọlé níbi tí ojú rírán tó ṣáájú parí sí, yóò sì gba abẹ́ yọ síwájú sí i. Lójú aṣọ, ó gún régé bíi ti ẹ̀rọ. Ní òdì rẹ̀, àwọn òwú gun ara wọn lẹ́yìn bí okùn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró. "Irin tó ń di abẹ́rẹ́ mú ti kán," ó ní.

"Kí ló dé tí ẹ wá ń tẹ̀ ẹ́, mà?"

"Bí wọn ò bá gbọ́ ariwo, ta ni yóò gbé aṣọ fún mi? Ẹ̀rọ náà máa ń padà sẹ́yìn, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ni, kí òwú má baà tú. Tèmi ń padà ní gbogbo ọ̀nà. Fà á wò." Mo fà á tagbáratagbára, kò mira. "Má sọ fún ìyá ọkọ rẹ. Òun ló ń kó àwọn ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi."

Ní ọjọ́ tí a lọ gba aṣọ, ìyá ọkọ mi fi èékánná tọ ojú rírán láti abíyá dé ìbàdí. "Máṣíìnì ni máṣíìnì ń jẹ́," ó ní. "Ọwọ́ ènìyàn wo ló lè ṣe èyí?" Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí aṣọ sódì. Bí ó bá rí inú rẹ̀, obìnrin yìí kò ní rí aṣọ rán mọ́, èmi náà yóò sì wọ ilé ọkọ bí ará oko. Mo gba aṣọ náà mọ́ àyà. "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò, mà."

"Rọra o," ó ní. "Iṣẹ́ máṣíìnì ni."

Aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí mi, kò tíì tú níbì kankan. Ìyá ọkọ mi fi yangàn títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà mo lọ sí yunifásítì, mo sì bá àwọn onímọ̀ kan ṣiṣẹ́ tí ariwo ẹnu lórí iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ariwo náà ń dákẹ́ níbi igun. Bí kò bá dákẹ́, ara á fu mí, n ó sì wá ọ̀nà yí iṣẹ́ náà sódì. Ọ̀pọ̀ ni mo ti yí tí mi ò bá òwú kankan níbẹ̀, ariwo lásán ni. Nínú gbogbo wọn, obìnrin Bàrígà yẹn nìkan ni ó purọ́ fún mi nípa iṣẹ́ tí ó ṣe ní tòótọ́.