Irun Tíṣà Dáníẹ́lì Tí Mo Gbé Lọ sí Írẹ́lándì

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Bàbá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ kan ilẹ̀kùn mi ní Ọ̀sì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àtùpà lọ́wọ́, kò rán ẹnikẹ́ni. Ó na ìdì kékeré kan sí mi, aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú dì pinpin. Irun orí àti èékánná Tíṣà Dáníẹ́lì ló wà nínú rẹ̀.

“Má fi í sínú àpótí,” ni bàbá wí. “Ara rẹ ni kó wà. Bí o bá dé ulé bàbá rẹ̀, ẹni tó bá dàgbà jù níbẹ̀ ni kí o fà á lé lọ́wọ́. Kí wọ́n sin ín.”

Ulé ni à ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Kò sí ará ilé wa tí kò mọ̀ pé bí ọmọ ẹni bá kú sí ẹ̀yìn odi, tí kò ṣeé gbé wálé, irun àti èékánná rẹ̀ là ń gé wá kí ó lè sùn láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni Tíṣà Dáníẹ́lì. Láti Írẹ́lándì ló ti wá, erékùṣù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ wa ní ìṣirò àti ìtàn nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Yàrá kan nínú agbo ilé Bàbá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ ló gbé títí ibà fi mú un lọ. Wọ́n kọ̀wé sí òkè òkun nípa ikú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ rán èmi, tí mo ti di olùkọ́, lọ fún ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ ní Mansẹ́sítà, àwọn àgbà ní èmi ni kí n ru ẹrù náà.

Mo gbà, ṣùgbọ́n ara ń fu mi. Èèyàn wo ló máa kú tí ará ilé rẹ̀ kò ní béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí?

Nínú Pijó tó gbé wa lọ sí Ìlọrin, awakọ̀ ń wò mí nínú dígí. Ọ̀nà Òmù-Àrán ti gbó nígbà náà, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ, gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá sì fò sókè ni mo ń di àyà mú.

“Tíṣà, kí lẹ dì mọ́yà bẹ́ẹ̀?” ni ó bi mí.

“Ẹrù ẹlẹ́rù ni.”

“Kó má ṣe kó bá wa o. Sọ́jà wà lójú ọ̀nà.” Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi wọ Ìlọrin.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń wá lọ, ó yẹ kí n sọ ohun tí Tíṣà Dáníẹ́lì ń sọ fún wa. Bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, yóò jókòó sórí tábìlì, yóò máa sọ nípa ìlú tí wọ́n ti bí i. Ó ní odò kan là á já, afárá olókùúta sì wà lórí odò náà. Ó ní ilé odi kan wà níbẹ̀ tí ogun ti jó, tí kò sí ẹni tó tún un kọ́. Ó sọ nípa ọdún tí pòtétò, ìyẹn ànàmọ́ òyìnbó, jẹrà nínú ebè, tí ebi pa ìdajì ìlú, tí àwọn tó kù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó ní ìjọba ìgbà náà mú kí àwọn tí ebi ń pa mọ ògiri gígùn kan lórí òkè, ògiri tí kò sé ẹnikẹ́ni mọ́ inú tàbí ìta, kí wọ́n tó fún wọn ní oúnjẹ. Àwa tí àwọn bàbá wa sá gun orí àpáta nígbà ogun, a mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ nípa ilé wọn: ilé onílẹ̀kùn pupa ní ìdí afárá, bàbá rẹ̀ ń rán gàárì ẹṣin, ìyá rẹ̀ ń yan búrẹ́dì ní gbogbo Sátidé. A mọ òórùn búrẹ́dì yẹn bí ẹni pé a ti jẹ ẹ́ rí.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ wa parí ní Mansẹ́sítà, mo wọ reluwé lọ sí Hólíhẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí Írẹ́lándì. Ìgbà yẹn, bọ́ǹbù ń dún káàkiri nítorí ìjà tó wà láàárín àwọn ará Írẹ́lándì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọlọ́pàá ń tú ẹrù. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tú ìdì náà sórí tábìlì.

“Kí nìyí?”

“Irun olùkọ́ mi ni, sà. Ó ti kú.”

“Ta ló pa á?”

“Ibà ni, sà.”

Ó fi ẹnu kálámù rọra tú irun náà wò. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó pe ẹnì kejì, òun náà gbóòórùn rẹ̀. Mo ṣàlàyé àṣà wa, wọ́n ń wojú ara wọn. Nígbẹ̀yìn, èyí tó dàgbà dá a padà fún mi, ó ní, “Níbi tí ò ń lọ yẹn, ẹni tó bá di ìdì kékeré kiri, kì í ṣe irun ló ń dì. Ṣọ́ra rẹ.” Mo tún un dì, ṣùgbọ́n ìdì Bàbá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ dára ju tèmi lọ.

Omi ru, mo bì. Láti Dọ́blìn mo wọ bọ́ọ̀sì gba àárín pápá oko tútù lọ. Ọ̀nà wọn tẹ́jú ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, àgùntàn sì ń jẹko nínú òjò láìsí olùṣọ́. Nígbà tí a dé ìlú náà, tí mi ò ní dárúkọ nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà níbẹ̀, mo dúró, mo wò yíká. Odò wà níbẹ̀. Afárá olókùúta wà níbẹ̀. Ilé odi tí ogun jó wà níbẹ̀, igi ti hù nínú rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ògiri àwọn tí ebi pa, tó gun orí òkè lọ láìdé ibì kankan. Ní ìdí afárá, mo rí ilẹ̀kùn pupa.

Mo kàn án. Bàbá arúgbó kan ṣí i díẹ̀, ó fi ara dí àlàfo rẹ̀. Mo sọ orúkọ Tíṣà Dáníẹ́lì.

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ni ó wí.

“Ilé yìí ni wọ́n bí i sí, sà. Bàbá rẹ̀ ń rán gàárì. Ìyá rẹ̀ ń yan búrẹ́dì ní Sátidé.”

Ojú bàbá náà yí padà. “Bàbá mi ló ń rán gàárì. Ìyá mi ló ń yan búrẹ́dì. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé mi fún ẹ?” Kí n tó dáhùn, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Mo béèrè ní ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́, mo béèrè lọ́wọ́ alápatà, mo béèrè níbi tí wọ́n ti ń mutí. Bí mo bá ti dárúkọ náà, ẹnu á pa mọ́, wọn á máa sọ ọ̀rọ̀ òjò fún mi. Ó wá dá mi lójú pé ọ̀daràn ni Tíṣà Dáníẹ́lì. Mo rò ó pé ó ti pa èèyàn, tàbí kó jalè ńlá, kó tó sá wá fara pa mọ́ sí Ọ̀sì. Gbogbo ohun tó kọ́ mi ló wá ń kọ mí lóminú.

Ilé obìnrin opó kan tó ń gba àlejò ni mo wọ̀ sí. Nọ́là lorúkọ rẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́fà ló gbà fún ibùsùn àti oúnjẹ òwúrọ̀, ó sì gba owó náà kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀. Ó bi mí bóyá oníròyìn ni mí. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ìjọba ló rán mi. Mo ní rárá.

“Kí ló dé tí ẹ̀ ń béèrè ẹni yẹn káàkiri, nígbà náà?”

“Ẹrù rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, mà.”

Ó jáde. Mo gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Ní òwúrọ̀, ó gbé tíì, ẹyin díndín àti búrẹ́dì síwájú mi, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó fa àga, ó jókòó. “Ẹ fi ẹrù náà hàn mí,” ni ó wí.

Mo tú aṣọ funfun. Ó wò ó pẹ́. Irun náà ti ń funfun, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ ṣì hàn.

“Dáníẹ́lì ni,” ni ó wí. Ó na ìka kan, kò fọwọ́ kàn án. “Kì í ṣe ọmọ ilé onílẹ̀kùn pupa. Ilé àwọn ọmọ tí kò ní ẹnìkan, lókè yẹn lẹ́yìn ògiri, ló ti dàgbà.”

“Kí ló dé tí ará ìlú kò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Nítorí pé gbogbo wọn mọ̀ pé a wà níbẹ̀, tí ìyà ń jẹ wá, wọn kò sì yọjú sí wa.”

Mo gbọ́ “a” yẹn. Òun náà rí i pé mo gbọ́ ọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà,” ni ó wí. “Ọkọ mi kú láìmọ̀. Nígbà tí ẹ dárúkọ rẹ̀ lánàá, mo rò pé èmi ni ẹ wá tú fó.”

Ó wá sọ fún mi pé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n máa ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ gba ìdí afárá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn pupa a máa ṣí sílẹ̀, wọ́n a rí iná nínú ilé, wọ́n a rí gàárì lára ògiri, búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù lánàá a sì wà lórí tábìlì. Wọn kò gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà sókè, Dáníẹ́lì a kó àwọn kéékèèké jọ sí ẹ̀yìn ibi ìfọṣọ, a máa sọ fún wọn ohun tí ‘ìyá wọn’ sè, ohun tí ‘bàbá wọn’ wí, ẹṣin ẹni tí wọ́n rán gàárì fún.

“Ẹ rò pé irọ́ ló pa fún yín?” ni ó bi mí. “Gbogbo wa la gbé nínú ilé yẹn.”

Tíì mi ti tutù.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú mi lọ síbi tí wọ́n ń sin àwọn ọmọ ilé náà sí, kí n lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó wọ kóòtù, ó sì bá mi gòkè lọ. Pápá kan ni, koríko bò ó, kò sí orúkọ ẹnìkan níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá igi tí mo lè fi gbẹ́ ilẹ̀. Ó di apá mi mú.

“Níbo ló gbé lọ́dọ̀ yín?”

“Nínú ilé bàbá àgbẹ̀ kan, mà. Wọ́n jọ ń jẹun.”

“Àwọn tó gé irun yìí, wọ́n sunkún?”

“Wọ́n sunkún.”

“Ẹ má fi í sílẹ̀ síbí,” ni ó wí. “Ó ṣòro fún un kó tó kúrò níbí.”

Mo fẹ́ dì í padà. Nọ́là ló dì í, kò gbà kí n dì í.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó, mo gba Ìlọrin, mo sì wọ Ọ̀sì nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà pé jọ sí agbo ilé Bàbá Ọmọ́tọ̀ṣọ́. Mo gbé ìdì náà sílẹ̀ láàárín wọn. Akọ̀wé ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí òun náà wà níbẹ̀, wò ó, ó wò mí.

“A kò gbọ́ ọ rí pé irun òkú lọ tán, ó tún padà,” ni ó wí. “Ṣé o dé ibẹ̀ rárá? Àbí Mansẹ́sítà lo jókòó sí tí o ń ṣe fàájì?”

Àwọn kan mi orí. Kò sí ohun tí mo lè fi jẹ́rìí. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ti ń rò ó bóyá kí n pa ìtàn kan fún wọn, kí ilé onílẹ̀kùn pupa má bàa wó lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fura sí mi yẹn ló jẹ́ kí n sọ òótọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ Nọ́là pẹ̀lú. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyí: bí àlejò bá ń ròyìn ilé bàbá rẹ̀ ní àsọtúnsọ, kí á tó pè é ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ ká béèrè bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un rí.

Nígbà tí mo parí, a jọ lọ síbi tí wọ́n sin Tíṣà Dáníẹ́lì sí. A gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní ìgbèrí sàréè, a sì fi ìdì náà síbẹ̀. Bíríkìlà tó fẹ́ fi sìmẹ́ńtì bo ojú sàréè náà ti po gbogbo rẹ̀ tán, ó mú ìṣó lọ́wọ́ tó fẹ́ fi kọ orúkọ.

“Dáníẹ́lì kí ni kí n kọ?” ni ó bi wá. “Orúkọ kan kò tó fún èèyàn.”

Akọ̀wé ìjọ ní kó kọ orúkọ tó wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ ní rárá, ó ní ta ló mọ ẹni tó fún un ní ìyẹn.

“Kọ Dáníẹ́lì Ọmọ́tọ̀ṣọ́,” ni ó wí.

“Bàbá,” ni akọ̀wé wí jẹ́ẹ́jẹ́, “òyìnbó ni o.”

“Mo mọ̀,” ni bàbá dá a lóhùn. “Ní gbogbo ọdún tó fi ń bá mi jẹun, ojú mi ò fọ́.”

Ó dúró ti bíríkìlà títí tó fi kọ ọ́ tán.