Alásè Tí Ìwé Wolé-wolé Kò Tó Nǹkan Lójú Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ ohun gbogbo láyé, ẹ lọ bá alásè ilé-iṣẹ́ bàtà tó wà létí òkun. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń dáná fún ọgọ́ta òṣìṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbà pé ẹnìkan lè kọ́ òun ní nǹkan. Dókítà ò mọ iṣẹ́. Ọ̀gá ò mọ ọbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ahọ́n. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún, ìyẹn náà lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ìyá náà ń gbé, torí pé alásè ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn láti tọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wolé-wolé wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ni, bàtà rẹ̀ kún fún yanrìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se ìṣáwùrú òkun títí a ó fi sọ pé ó ti dáa. Nǹkan kéékèèké kan tí ojú ò lè rí ti pọ̀ nínú omi. Ìṣáwùrú ń jẹ ẹ́, májèlé náà á sì wà nínú ẹran rẹ̀. Kì í rùn, kì í yí àwọ̀ padà."

"Tí mo bá sè é jinná ńkọ́?"

"Iná ò lè pa á, mà. Bí ẹ sè é láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ náà ló máa wà."

Alásè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, kí wọ́n tó já ẹ lẹ́nu ọmú ni mo ti ń dáná. Ohun tó bá bàjẹ́, imú mi á sọ fún mi." Ó gba ìwé náà, ó fi nu tábìlì. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, èyí tiẹ̀ ń bá ọdẹ jà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìṣáwùrú garawa méjì lọ́wọ́ ẹni tí kò rí oníbàárà mọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí bí adájọ́. Wákàtí mẹ́ta ló fi sè é, kí iná lè dójú ti wolé-wolé. Kó tó da ata sí i, ó bu ti ìyá rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, torí ọgbẹ́ inú ò jẹ́ kí màmá fẹnu kan ata láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló da ata sínú ìkòkò ńlá, ó tọ́ ọ wò. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

"Ata yìí mà dáa o!" Ó tún bu ṣíbí kejì, ó bu ẹ̀kẹta. Májèlé ń kí i, ata ló ń dá lóhùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo oúnjẹ ọ̀sán dún, màmá pè é láti inú yàrá.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o da ata sọ́bẹ̀ mi? Ó ń ta mí létè. Ọwọ́ mi gan-an ti kú tipiri."

"Ẹ̀yin náà ti dàgbà o, màmá. Ata wo ló wà ńbẹ̀?"

Bó ṣe fẹ́ máa bá ẹjọ́ lọ, ojú rẹ̀ lọ sára ìkòkò kékeré. Òótọ́ ni, ata wo ló wà ńbẹ̀? Ìkòkò kékeré yẹn ò rí ata rí. Kí ló wá ń ta màmá létè? Kí ló ń ta òun náà láti àárọ̀? Ẹ̀rù bà á gan-an. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mẹ́tàlélógún, alásè ronú.

Agogo dún. Ó sáré dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tò, ẹni iwájú ti na abọ́. Alásè la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí ti ọ̀mùtí.

"Ìyá ti mutí o!" Ẹ̀rín sọ.

"Ìyá, ẹ bu ọbẹ̀ fún wa jàre, ebi ń pa wá!"

Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ nawọ́ wọlé, ó mú ṣíbí ìbuọbẹ̀. Ni alásè bá fi apá méjèèjì gbá ìkòkò ńlá mọ́ra, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọbẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀. Èpè ni wọ́n ń ṣẹ́ fún un bó ṣe ń nawọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, títí ọkùnrin kan fi wọlé lọ wò, tó sì pọn màmá jáde, ọrùn màmá ti rọ. Wọ́n sáré gbé ìyá àtọmọ sọ́kọ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní kò sí oògùn tó ń pa májèlé náà, ara ni yóò tì í jáde. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀rọ fi bá màmá mí. Alásè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ń ka èémí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta, màmá dá mí fúnra rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ wá kí wọn. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbà wá là o," wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Alásè kọjú sí ògiri, ojú ń tì í. Òun nìkan ló mọ ohun tó fẹ́ sọ lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, kí ahọ́n tó kọ̀ fún un. Kì í ṣe "Ẹ má jẹ ẹ́." "Ọbẹ̀ jóná díẹ̀" ló fẹ́ sọ. Pẹ̀lú ebi tó ń pa wọ́n, wọn ì bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.